Àádọ́ta ni, Àṣàkẹ́: mọ́tò oníná mi àti iná ìlú ọba

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà l'Óṣogbo, bàbá kan wà nílé kejì sí wa tó ń ṣiṣẹ́ ní National Control Centre, ibi tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ mọ̀ pé Òṣogbo nibẹ̀ wà o, wọ́n rò pé Àbújá ni, àbí Èkó. Tí bàbá yìí bá ti dé láti ṣíìfù, tó jókòó pẹ̀lú bàbá mi ní fàráńdà, tí fáànù ń yí nínú pálọ̀, á kàn dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, á tẹ́tí, á ní "ó ti ń lọ sílẹ̀." Àwa ọmọdé ò mọ nǹkan tó ń lọ sílẹ̀. Iná ṣáà wà, gílóòbù ń tàn. Àfi téèyàn bá fara balẹ̀ gbọ́ ìró fáànù yẹn ló máa mọ̀ pé ó ti ń fà díẹ̀, bí ẹni tó ti rẹ̀ tí ò fẹ́ sọ. Nígbà míì kò ní pẹ́ rárá tí iná á fi lọ pátá, tí gbogbo àdúgbò á pariwo "háà!" lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo máa ń bi í léèrè ju àwọn ọmọ yòókù lọ, ó sì máa ń dá mi lóhùn bíi pé àgbà ni mí. "Àádọ́ta ni, Àṣàkẹ́. Àádọ́ta ni kó máa jẹ́. Tó bá ti kúrò ní àádọ́ta, ẹnì kan ní láti wá nǹkan ṣe sí i kíákíá."

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà nílùú ọba báyìí. Ní 2022 mo ra mọ́tò oníná, Nissan Leaf tí ẹlòmíì ti lò, bátìrì rẹ̀ jẹ́ 40 kWh, ìyẹn ni pé yúníìtì iná ogójì ló ń gbà. Torí owó epo ni mo ṣe rà á, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n àádọ́ta bàbá yẹn ló wá padà wá bá mi nínú mọ́tò yìí, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí torí àwọn èèyàn wa tó ń ra mọ́tò oníná ti ń pọ̀, ohun tí wọ́n sì ń sọ nípa ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí, ìdajì ẹ̀ ni ò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àádọ́ta yẹn. Iná tó ń wọ ilé wa ń lọ ó ń bọ̀ nínú wáyà nígbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 50 Hz, òun ni wọ́n ń pè ní frequency, bó ṣe rí ní Nàìjíríà náà ló rí ní UK. Gbogbo ẹ̀rọ ńlá tó ń ṣe iná káàkiri orílẹ̀-èdè ló ní láti máa yí pọ̀ bákan náà. Ẹ ti rí àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo rí, ọmọ odó ti àkọ́kọ́ ń gòkè, ti ìkejì ń balẹ̀, ti ìkẹta wà láàárín, kò sẹ́ni tó ń kà á fún wọn ṣùgbọ́n ìró yẹn ò gbọdọ̀ yẹ̀. Tí iyán bá ń le sí i, tí ò sì sẹ́ni tó kún wọn lọ́wọ́, ìró á bẹ̀rẹ̀ sí falẹ̀. Gíríìdì nìyẹn, gbogbo ẹ̀rọ àti wáyà tó ń gbé iná káàkiri ìlú. Tí ohun táráàlú ń lò bá ju ohun tí wọ́n ń ṣe lọ, àádọ́ta á wálẹ̀, tó bá sì kéré sí i, àádọ́ta á gòkè. Wáyà kì í ṣe àmù téèyàn lè pọn iná sí kó máa bù ú. Èyí tẹ́ ẹ fi ń se ìrẹsì báyìí, báyìí náà ni wọ́n ń ṣe é.

Òṣogbo ti àwọn ará ibí ni Wokingham, ibẹ̀ ni control room wọn wà. Ohun tó ń já wọn láyà jù láyé àtijọ́, kẹ́tùlù ni! Ní 1990, nígbà tí England àti West Germany gbá sẹmi-fáínà World Cup tó parí sí pẹ́nárítì, bí bọ́ọ̀lù ṣe parí báyìí gbogbo ìlú dìde lọ gbé omi tíì kaná, iná tí wọ́n ń lò sì fò sókè pẹ̀lú 2,800 mẹ́gáwáàtì. Ẹ wò ó, iná tó pọ̀ jù tí Nàìjíríà lápapọ̀ tíì ṣe rí, ní March 2025, bíi 5,800 mẹ́gáwáàtì ni. Àwọn kan gbé kẹ́tùlù kaná, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì iná wa. Torí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbẹ́ inú òkè ní Wales, Dinorwig lorúkọ ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1984, wọ́n máa ń fi iná òru tí ò wọ́n fa omi gòkè lọ sínú adágún kan, tí ìlú bá wá ń fẹ́ iná wọ́n á ṣí omi yẹn sílẹ̀ kó já wálẹ̀ kó yí ẹ̀rọ. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ó ti ń gbé iná tó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́gáwáàtì wá.

Èmi fúnra mi fojú ara mi rí ọjọ́ tí àádọ́ta kúrò ní àádọ́ta níbí. Ọjọ́ Jímọ̀, 9 August 2019. Mo wà nínú ọkọ̀ ojú irin láti King's Cross, mò ń lọ sílé, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ń lọ lù. Mànàmáná sán lu wáyà ńlá kan ní àríwá London, èyí sì máa ń ṣẹlẹ̀, wáyà yẹn padà bọ̀ sípò kíá. Ṣùgbọ́n bó ṣe sán yẹn, ilé iṣẹ́ iná kan tó ń lo gáàsì já, ọgbà kan tó wà nínú òkun, tó kún fún fáànù ńláńlá tí afẹ́fẹ́ ń yí láti ṣe iná, náà já, àwọn kéékèèké káàkiri ìlú náà já lé e. Àádọ́ta wálẹ̀ dé 48.8. Ẹ ò bá má rò ó sí nǹkan kan, ọ̀kan àti díẹ̀ péré ló fi dín. Ṣùgbọ́n bó ṣe dé bẹ̀, ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ gé nǹkan bíi mílíọ̀nù kan oníbàárà kúrò lórí iná kí àwọn tó kù má bàa bá wọn lọ. Láàárín wákàtí kan iná ti padà fún wọn. Àwa tá a wà nínú ọkọ̀ la ò tètè bọ́, torí irú ọkọ̀ ojú irin kan wà tó jẹ́ pé bí àádọ́ta ṣe wálẹ̀ tó yẹn ó kú fin-ín, àwọn kan nínú wọn ò sì lè jí àfi kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe gbé kọ̀ǹpútà wá bá a níbi tó kú sí. A jókòó sínú ooru yẹn, kò sí fèrèsé tó ń ṣí, ìyá kan ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ọmọ ẹ̀. Mo rántí bàbá Òṣogbo. Mo sọ fún ẹni tó jókòó tì mí pé frequency ló wálẹ̀, ó wò mí bí ẹni pé mò ń ṣépè.

Lára ohun tó yára dìde ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn ni bátìrì. Bátìrì ò ní ohun tó fẹ́ kọ́kọ́ gbóná, kò ní omi tó fẹ́ ṣí, kíá ló ń jẹ́ ìpè. Wọ́n sì nílò irú olùrànlọ́wọ́ tó yára yìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí àwọn ẹ̀rọ èédú ńláńlá tí irin wọn wúwo tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti ń yí wọn ò lè dúró lójijì, wọ́n ti lọ. Ratcliffe-on-Soar tó gbẹ̀yìn nínú wọn, 30 September 2024 ni wọ́n tì í. Inú mi dùn pé èédú lọ, èéfín ẹ̀ ti pa èèyàn tó. Ṣùgbọ́n ìwúwo irin yẹn ń ṣe iṣẹ́ kan tẹ́nì kankan ò rí, ó ń jẹ́ kí àádọ́ta rọra wálẹ̀ dípò kó já lulẹ̀.

Ibi tí mọ́tò ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Ilé èèyàn lásán níbí ń lo nǹkan bíi yúníìtì méje sí mẹ́jọ lójúmọ́. Bátìrì mọ́tò mi gba ogójì. Ìyẹn ni pé iná ilé ọjọ́ márùn-ún ló wà níwájú ilé mi tó ń sùn. Ibi tí mọ́tò púpọ̀ sì máa ń wà láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, ojú kan ni! Mo dé láti ibi iṣẹ́, mo gbé e kalẹ̀, ó di àárọ̀. Ní January 2024 ni mọ́tò oníná ní UK pé mílíọ̀nù kan. Tí ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ péré bá so mọ́ ṣájà ilé tó jẹ́ kìlówáàtì méje, tó sì ń dá iná padà, ó ti ju Dinorwig lọ, láìgbẹ́ inú òkè kankan.

Ṣùgbọ́n ohun kan náà yìí lè ba ìlú jẹ́ o. Gbogbo wa là ń tibi iṣẹ́ dé láàárín aago márùn-ún sí méje, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń se oúnjẹ, tí tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, tí oòrùn sì ti wọ̀. Tí gbogbo wa bá so mọ́tò mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó ju kẹ́tùlù 1990 lọ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ṣòfin tó bẹ̀rẹ̀ ní 30 June 2022 pé ṣájà ilé tí wọ́n bá tà gbọ́dọ̀ gbọ́n, bí wọ́n ṣe máa gbé e wá fún ẹ kò ní fẹ́ ṣáájì láàárín aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá àárọ̀ àti mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́wàá alẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, àfi tí ìwọ bá yí i padà. Nǹkan kan sì wà nínú òfin yẹn tí mo fẹ́ràn gan-an, pé tí àkókò bá tó, ṣájà kọ̀ọ̀kan á dúró díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, ó lè dúró dé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ti ilé yìí yàtọ̀ sí ti ilé kejì. Kí ló fà á? Torí tí gbogbo ẹ̀ bá gbéra lẹ́ẹ̀kan náà bí aago ṣe lu méjìlá ààbọ̀ òru, ìyẹn fúnra ẹ̀ á gbo gíríìdì jìgìjìgì. Ẹni tó ronú kan ibẹ̀ ti rò ó dáadáa.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbọ́ pé mọ́tò ń dá iná padà sí gíríìdì wọ́n wá rò pé ìyẹn nìkan ni ìrànlọ́wọ́ tó wà níbẹ̀. Rárá o. Èmi ò tíì ní ṣájà tó ń dá iná padà, ó ṣì wọ́n, ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni. Ohun tí mò ń ṣe ò ju pé mo gbà kí kọ́ńpìní iná mi máa yan ìgbà tí mọ́tò máa jẹun. Mo so ó mọ́ ọn láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo sọ fún áàpù pé aago méje àárọ̀ ni mo fẹ́ ẹ, kó dé ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ń gba bíi 7 pence lórí yúníìtì kan dípò bíi 25 tí mò bá san lọ́sàn-án. Kò sí iná kankan tó jáde nínú mọ́tò, síbẹ̀ ẹni tó lè dúró ti ran gíríìdì lọ́wọ́. Tí wáhálà bá dé wọ́n á ní kí mọ́tò dákẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ gan-an wọ́n á ní kó máa gbà.

Afẹ́fẹ́ yẹn gan-an tún ni. Scotland ni ọ̀pọ̀ fáànù ńlá wà, wáyà tó ń gbé iná wá sí gúúsù ò sì tó, nítorí náà lálẹ́ tí ìjì bá ń jà, tí àwa ń sùn, wọ́n máa ń sanwó fún àwọn oní-fáànù pé kí wọ́n pa á. Ó dùn mí gan-an tí mo kọ́kọ́ gbọ́. Èmi tí mo gbọ́ ìró jẹ́nẹ́rétọ̀ dàgbà, tí mo fi àbẹ́là kàwé WAEC, wọ́n wá ń sanwó pé kí iná má wá! Ìdí kan tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí ní pàtàkì nìyẹn.

Nínú ààwẹ̀ tó kọjá, ìjì kan jà lóru, pàǹtí àwọn aládùúgbò ń yí gbirigbiri ní títì. Mo dìde láago mẹ́ta ààbọ̀ láti wá sààrì, mo gbé ọbẹ̀ kaná, mo ń po àmàlà. Ṣájà wà lára ògiri ìta lẹ́yìn ibi ìdáná gan-an. Bí mo ṣe ń ro ó ni mo gbọ́ "kẹ̀" lára ògiri, ó bẹ̀rẹ̀. Iná ewé kékeré tó wà lára ẹ̀ tàn sára fèrèsé, ó ń ṣẹ́jú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bíi ìṣẹ́jú ogún, "kẹ̀", ó dúró. Nígbà tó yá, "kẹ̀", ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ro àmàlà yẹn tán, mo kàn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ orógùn lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ti mọ́tò mi nìkan, pé ọ̀kẹ́ àìmọye ògiri bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe "kẹ̀" káàkiri ìlú lóru yẹn, kò sẹ́ni tó jí wọn.

Ti pé kí mọ́tò dá iná padà, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Willett Kempton, ọ̀jọ̀gbọ́n ní University of Delaware ní Amẹ́ríkà, òun àti Steven Letendre ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1997, nígbà tí kò tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́tò oníná kankan lójú títì. Ní Denmark, ní 2016, ilé iṣẹ́ kan ní Frederiksberg, tí Copenhagen yí ká, bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọkọ̀ akẹ́rù Nissan oníná mẹ́wàá, lọ́sàn-án wọ́n ń gbé òṣìṣẹ́ kiri, tó bá dalẹ́ wọ́n so wọ́n mọ́ ògiri, wọ́n ń gba iná wọ́n ń dá a padà bí àádọ́ta ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ń gbowó iṣẹ́ yẹn. Ní Utrecht ní Netherlands, 2025, wọ́n gbé Renault tó ń dá iná padà jáde fún àwọn aráàdúgbò tó ń pín mọ́tò lò. Leaf tèmi náà lè ṣe é, irú sọ́kẹ́ẹ̀tì Jàpáànù tó wà nímú ẹ̀ gbà á. Ṣájà ẹ̀ ni mi ò tíì ní.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Birmingham ò gbà. "Kí wọ́n wá fa iná inú mọ́tò mi lóru, kí n jí kí n fẹ́ lọ síbi iṣẹ́, kí n bá a lófìfo? Wọ́n ò bí wọn dáadáa!" Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ máa sọ iye tí kò gbọdọ̀ wálẹ̀ jù ú lọ, ẹ̀rọ ò lè kọjá ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá wọn jiyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, àti pé láìdá iná padà rárá. Àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí mo jí, mọ́tò tí mo ní kó dé ọgọ́rin, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kọ́ńpìní náà ló kú lóru, ṣájà mi sì ń dúró de àṣẹ tí ò wá. Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ẹni tí mo fẹ́ gba ṣíìfù lọ́wọ́ ẹ̀ ti wà lórí ẹsẹ̀ láti alẹ́. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Ohun tí mo sọ fún wọn ni mo tún ń sọ níbí: tí ẹ bá fẹ́ ká fọkàn tán yín pẹ̀lú mọ́tò wa, ṣájà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó máa ṣe tí ò bá gbọ́ látọ̀dọ̀ yín. Kó máa ṣáájì lọ. Kì í ṣe kó máa wòye.

Ìbẹ̀rù kejì ni pé bátìrì á tètè gbó. Ìyẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 2017 àwọn onímọ̀ ní Hawaii ní àwọn yẹ̀ ẹ́ wò, àti pé dídá iná padà ń ba bátìrì jẹ́, ọdún yẹn kan náà àwọn ti Warwick níbí ní àwọn yẹ̀ ẹ́ wò, pé téèyàn bá fọgbọ́n ṣe é ó tiẹ̀ lè jẹ́ kó pẹ́ sí i. Ohun tó wú mi lórí ni pé wọn ò bú ara wọn, wọ́n pàdé, wọ́n kọ ọ́ pọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e pé ọwọ́ bí wọ́n ṣe lò ó ló kù sí. Kéèyàn máa fa bátìrì gbẹ lójoojúmọ́ torí pé ó fẹ́ ta iná, ìyẹn á gbó o. Kéèyàn máa mú díẹ̀ kó máa dá díẹ̀ padà ní àárín-àárín, ìyẹn yàtọ̀. Bátìrì tó kún bámúbámú tó dúró gbalaja fún ọ̀sẹ̀ kan nínú oòrùn náà ń gbó.

Èyí tó ń bí mi nínú ju gbogbo ẹ̀ lọ ni ti àwọn tí ò ní ojúde. Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ní London, fúláàtì ni wọ́n ń gbé, ojú títì ni mọ́tò ń sùn. Wọn ò lè gba iná 7 pence yẹn. Ìta ni wọ́n ti ń ṣáájì, owó ẹ̀ sì lè fi ìlọ́po púpọ̀ ju tèmi lọ, ìjọba tún ń gba VAT ogún nínú ọgọ́rùn-ún lórí ẹ̀ nígbà tó jẹ́ márùn-ún ni wọ́n ń gbà lórí iná ilé. Ẹni tó lówó ilé ni mọ́tò ẹ̀ ń pa owó fún, ẹni tó ń háyà yàrá, òun ló ń san jù. Tó bá jẹ́ mọ́tò gbogbo wa ni wọ́n fẹ́ fi gbé gíríìdì ró, ẹ so sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ òpó iná títì, kí ẹni tó ń gbé ní àjà kẹjọ ní Peckham náà jẹ níbẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé Nàìjíríà ńkọ́. Ní 2024 gíríìdì wa wó ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ. Mi ò ní sọ pé mọ́tò ló máa tún un ṣe, wáyà ti gbó, gáàsì ò tó, iná tó yẹ kó wà ní ìpamọ́ fún ìgbà wàhálà ò sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo inverter. Bátìrì ti wà nílé wa káàkiri Ìbàdàn àti Èkó, a kàn ń lò ó lọ́nà tó le jù ni. Bí wọ́n bá ti mú iná dé, tí àwọn ọmọ pariwo "Up NEPA!", gbogbo inverter àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí fà á lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú fíríìjì, páńpù omi àti áyọ́ọ̀nù, tíráńsífọ́mà á máa han gooro. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìdúró yẹn, tó yàtọ̀ láti ilé dé ilé, kò ná ẹni tó ń ṣe inverter ní nǹkan ńlá. Ní Cotonou àti Lomé ńkọ́, àwọn oní-zemidjan ti ń lo ọ̀kadà oníná, wọ́n á yọ bátìrì tó ti tán wọ́n á gba èyí tó kún. Ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ yẹn, bátìrì wà nílẹ̀ níbẹ̀ tó ń gbaná. Ẹni tó bá ń darí gíríìdì ìlú yẹn tí ò tíì lọ bá wọn sọ̀rọ̀, kó lọ.

Bàbá Òṣogbo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Lóru àmàlà yẹn, bí mo ṣe jókòó tì í, mo pè wọ́n, torí mo mọ̀ pé àwọn náà á ti dìde sààrì. Mo ṣàlàyé "kẹ̀" fún wọn. Wọ́n ní kí n gbé fóònù mọ́ ògiri kí àwọn náà gbọ́ ọ. A dúró. Ó ṣe "kẹ̀." Wọ́n dákẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń dákẹ́ ní fàráńdà wa láyé ìgbà yẹn, wọ́n wá ní, "Mélòó ló wà báyìí?"

Ibì kan wà téèyàn ti lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ṣí i. Mo ní, "49.97, bàbá."

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ó dáa. Jẹun, Àṣàkẹ́, ilẹ̀ ti ń mọ́."